Kò Sí Nínú Kátálọ́ọ̀gì, Kì Í Ṣe Kò Sí Láyé

Ìtàn ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe ìtàn ogun, kì í sì í ṣe ìtàn ọba. Ìtàn nǹkan kan ni tí gbogbo wa ń lò láì béèrè ibi tó ti ṣẹ̀ wá: kátálọ́ọ̀gì ilé-ìkàwé, ìyẹn atọ́ka tó ń sọ fún wa pé ìwé báyìí wà, orí pẹpẹ báyìí ló sì wà. Láyé àtijọ́, inú dúrọ́ọ̀ ló ń gbé. Láyé ìsinsìnyí, inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé. A ó tẹ ọ̀rọ̀ kan sí i, yóò dá wa lóhùn. Nígbà mìíràn, yóò ní òun ò rí nǹkan kan. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò tilẹ̀ ní fọhùn rárá: wọ́n ń ṣe update, tàbí NEPA ti mú iná lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá ní kò sí, ìyẹn ò ní kó máà sí. Ìwé kì í sábà sọnù. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ló máa ń sọnù, ó sì sábà máa ń sọnù lọ́jọ́ tí a bá ń kó ẹrù láti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ọmọ Ìdànrè ni mí. Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ ìkólọ, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

ÌKÓLỌ ỌDÚN 1923

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì dé Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló wà, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Kòkó pọ̀ níbẹ̀, àpáta sì pọ̀ ju kòkó lọ. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wa tẹ̀dó sí. Ùfẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pe ìlú náà kí orúkọ Ìdànrè tó borí. Ààfin wà lókè, ojúbọ wà lókè. Nígbà tí ìjọba òyìnbó àti àwọn oníwàásù dé, wọ́n bá wọn lókè náà ni: ilé-ẹ̀kọ́ dé ibẹ̀, kóòtù náà dé ibẹ̀.

Ní 1923, àwọn ènìyàn kó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ohun tó ṣeé rù ni wọ́n rù. Ààfin ò ṣeé rù, bẹ́ẹ̀ ni kóòtù àti ilé-ẹ̀kọ́. Sàréè àwọn tó ti lọ náà ò ṣeé rù. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ṣẹ́kù sórí òkè títí dòní, ẹni tó bá sì fẹ́ rí wọn yóò gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Nígbà tí Nàìjíríà fi Òkè Ìdànrè sínú àkójọ àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé ní 2007, àwọn ohun tó kù lókè yìí gan-an wà lára ẹ̀rí tí wọ́n kà sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ẹni tó bá dúró sísàlẹ̀ lónìí, tó wo òkè, àpáta nìkan ni yóò rí. Kò lè tìtorí ìyẹn sọ pé kò sí ààfin lókè. Àwa tí a mọ ọ̀nà mọ̀ pé ó wà, a sì ń gòkè lọ́dọọdún nígbà ọdún Orósùn. Ìlú tó kó kalẹ̀ ò pa ohun tó fi sílẹ̀ run, níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ṣì mọ ọ̀nà. Àmọ́ bí ẹni tó mọ ọ̀nà bá tán, ààfin lè wà níbẹ̀ fún 1,000 ọdún, bí ẹni pé kò sí ni.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí a wá lọ sí ilé-ìkàwé.

AYÉ DÚRỌ́Ọ̀

Ní 1948 ni wọ́n dá University College, Ibadan sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè wá láti wá dá ilé-ìkàwé rẹ̀ sílẹ̀ ni John Harris, tó ti ń ṣe olùtọ́jú ilé-ìkàwé ní University of Otago ní New Zealand. Ẹ mú orúkọ orílẹ̀-èdè yẹn dání, a ó tún padà kàn án. Ogún ọdún gbáko ni Harris fi ṣe iṣẹ́ náà n'Íbàdàn. Àwọn ìwé tí Henry Carr, ògbóǹtarìgì olùkọ́ ará Èkó tó kú ní 1945, ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láti 1950 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí àwọn tó ń tẹ̀wé ní Nàìjíríà máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀. Ilé-ìkàwé yẹn ni a mọ̀ sí Kenneth Dike Library lónìí, orúkọ onímọ̀ ìtàn tó kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó darí yunifásítì náà.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń rí ìwé nínú ogunlọ́gọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀? Káàdì ni. Káàdì pákí tí kò ju ínǹṣì 3 sí 5 lọ, tí wọ́n lu ihò sí nísàlẹ̀, tí wọ́n sì ti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ihò náà kí ọmọ aláìgbọràn kan má baà yọ ọ́ lọ. Ìwé kan, ó kéré tán, á ní káàdì mẹ́ta: ọ̀kan fún orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọ̀kan fún àkọlé, ọ̀kan fún ohun tó dá lé lórí. Igun káàdì ni nọ́ńbà máa ń wà, nọ́ńbà yẹn ni àdírẹ́sì ìwé lórí pẹpẹ. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo ètò Library of Congress ti Amẹ́ríkà, ìtàn Nàìjíríà wà ní DT515, èdè Yorùbá wà ní PL8821, ìwé Wọlé Ṣóyínká sì wà ní PR9387.9. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá Ìdànrè, ìtàn ìlú náà lè wà ní yàrá kan, kí ìwé ewì tí Ṣóyínká pe orúkọ ìlú náà mọ́, èyí tó jáde ní 1967, sì wà ní yàrá mìíràn, láàárín àwọn ìwé tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ. Káàdì ló ń mú wọn pàdé.

Káàdì kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Kò sọ̀rọ̀ nípa ìwé kankan. Ohun tó wà lára rẹ̀ kò ju "Oshogbo, wo Òṣogbo" lọ. Iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn o. Àkọtọ́ Yorùbá ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ìpàdé kan jókòó lé e lórí l'Ékòó ní 1875, ìjọba tún fọwọ́ sí àtúnṣe ní 1974. Ẹni tó kọ̀wé ní 1920 kọ "aiye" àti "enia"; àwa ń kọ "ayé" àti "ènìyàn". Bí kò bá sí káàdì tó ní "lọ wo ibòmíràn", ọmọ ìsinsìnyí ò ní bá bàbá rẹ̀ pàdé láé. Ẹ̀dá ènìyàn ló jókòó, tó rò ó pé oríṣi ọ̀nà mélòó ni ẹlòmíràn lè gbà pe orúkọ yìí, tó sì kọ káàdì fún ìkọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ló ní ọ̀nà kan ò wọjà.

Káàdì ní ìṣòro tirẹ̀, n ò ní purọ́. Ó lọ́ra. Ẹni tó wà l'Ákùúrẹ́ ò lè wo káàdì tó wà n'Íbàdàn. Táípúráítà ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ò ní ẹ tàbí ọ, bíírò ni wọ́n fi ń sàmì sí abẹ́ lẹ́tà. Àmọ́ ó ní iyì kan tí kọ̀ǹpútà ò ní: kò jẹ iná, àmì tí wọ́n bá sì kọ sí i kì í kúrò lójú ọ̀nà. Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 1962, ó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, ilé-ìkàwé sì kó tẹ̀ lé e. Káàdì tó gba ojú títì yẹn kọjá, bó ṣe kúrò n'Íbàdàn ni yóò ṣe dé Ifẹ̀. Àmì ohùn ò lè já bọ́ lórí lẹ́tà nítorí pé mọ́tò bọ́ sí kòtò.

Ẹ̀RỌ DÉ

Nígbà tí Ifẹ̀ ń kó ẹrù yẹn, obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Henriette Avram, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Library of Congress, ó ń wá ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà yóò fi lè ka káàdì. Ètò tó gbé kalẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1960 ni a ń pè ní MARC. Ó gé káàdì sí ìpín-ìpín, ó fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: orúkọ òǹkọ̀wé wà ní 100, àkọlé wà ní 245, orúkọ ìlú tí ìwé dá lé lórí wà ní 651. Títí di báyìí tí mo ń kọ èyí, kátálọ́ọ̀gì orí kọ̀ǹpútà tó pọ̀ jù lọ láyé ṣì ń lo MARC tàbí ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ "Idanre" síbi tí wọ́n kọ "subject" sí, ara ibi tí ẹ̀rọ yóò lọ wò ni 651.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀rọ ò tètè dé. UNESCO gbé CDS/ISIS tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà kéékèèké jáde ní 1985, wọ́n sì ń fún àwọn ilé-ìkàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí ìjọba yá owó lọ́wọ́ World Bank nítorí àwọn yunifásítì àpapọ̀, ètò kan tó ń jẹ́ TINLIB wọlé sí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé. Orí DOS ló ń ṣiṣẹ́, ojú dúdú tó ní lẹ́tà funfun, tí ẹ̀yin tí ẹ bí lẹ́yìn 2000 kò lè mọ̀. Ó di dandan kí ẹnì kan jókòó, kí ó máa fa dúrọ́ọ̀, kí ó máa ka káàdì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Àwọn káàdì náà sì pọ̀ rẹpẹtẹ.

Ibí ni ìkólọ àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀, ibí náà ni ẹrù àkọ́kọ́ ti kù sórí òkè. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀. ASCII, ètò lẹ́tà tí wọ́n gbé jáde l'Ámẹ́ríkà ní 1963, àmì 128 péré ló ní, kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tẹ káàdì ò ní ohun tó lè ṣe ju kó tẹ ohun tí kíbọ́ọ̀dù ní lọ. Ìdànrè di Idanre. Ìyẹn ṣì rọrùn, nítorí a ṣì dá a mọ̀. Àmọ́ ẹ wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, oko àti òkò: gbogbo wọn di "oko". Ẹni tó ń wá ìwé lórí ọkọ́ àgbẹ̀ yóò bá ọkọ ìyàwó pàdé, ẹni tó ń wá ọkọ̀ ojú omi á balẹ̀ sínú oko iṣu. Káàdì "lọ wo ibòmíràn" ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bá ní kó tẹ ìwé sínú ẹ̀rọ, ìwé ni yóò tẹ̀. Káàdì tí kì í ṣe ti ìwé kankan, ta ni yóò rántí rẹ̀?

Ilé tuntun tún dé lẹ́yìn náà. Ní 1999, àwọn ilé-ìkàwé agbègbè Horowhenua ní New Zealand rí i pé ètò kọ̀ǹpútà àwọn ò ní lè kọjá sínú ọdún 2000, nítorí ìṣòro Y2K tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù nígbà náà. Wọn ò lówó ètò olówó ńlá. Wọ́n gba ilé-iṣẹ́ kékeré kan, Katipo Communications, láti kọ tuntun fún wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2000, wọ́n sì fi ta ayé lọ́rẹ: ẹnikẹ́ni ló lè lò ó, ẹnikẹ́ni ló lè tún un ṣe. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Koha, tó túmọ̀ sí "ẹ̀bùn" ní èdè àwọn Màórì, àwọn onílẹ̀ New Zealand. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló ti gbà á. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe ń yí! Orílẹ̀-èdè tí Harris ti gbéra wá to káàdì n'Íbàdàn ní 1948 náà ni ètò tó rọ́pò káàdì ní ibi púpọ̀ ti wá.

IBI TÍ "0 RESULTS" TI Ń WÁ

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá, ni Koha tuntun máa ń jáde. Ìyẹn ni update. Ilé-ìkàwé tó bá ń ṣe é déédéé, ìṣísẹ̀ kéékèèké ni yóò máa gbé. Èyí tó bá jókòó fún ọdún mẹ́fà kó tó dìde, fífò ni yóò fò, ẹni tó bá sì fò láti orí àpáta mọ bó ṣe ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́. Inú kọ̀ǹpútà àgbà kan ni kátálọ́ọ̀gì ń gbé, òun ni wọ́n ń pè ní sáfà. Nínú sáfà yẹn, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ sí, ọ̀tọ̀ ni atọ́ka tí à ń wò bí a bá tẹ ọ̀rọ̀. Ẹ fojú inú wo ilé ìkẹ́rùsí kan tó kún fọ́fọ́, tí ẹ̀ṣọ́ kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé pélébé lọ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ yìí kì í wọlé lọ wò. Ohun tó bá wà nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ. Nínú Koha, Zebra ni orúkọ ẹ̀ṣọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé gbà síṣẹ́. Bí update bá parí, tí ẹni tó ṣe é kò bá ní kí Zebra kọ ìwé ọwọ́ rẹ̀ tuntun, òfìfo ìwé ni yóò máa wò. Ẹ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, "0 results" ni yóò wí, bẹ́ẹ̀ ẹrù kún inú ilé dé òrùlé.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ̀ṣọ́ náà lè ní ìwé lọ́wọ́ kó má mọ lẹ́tà wa kà. Unicode, ètò tó fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, fún ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn láti 1993. Àmọ́ ẹ́, tó ní àmì lókè àti lábẹ́, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ènìyàn lè kọ ẹ kó wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Ó sì lè kọ é kó wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn á kọ e lásán, á wá fi àmì méjèèjì kún un. Àwọn kan kì í lo kíkán rárá, ìlà kékeré ni wọ́n ń fà sábẹ́. Lójú tèmi tiyín, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ẹ̀rọ tí wọn kò bá kọ́, mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bí Táíwò tó ní òun ò mọ Kẹ́hìndé rí.

MARC àtijọ́ tún dá kún un. Nínú ètò lẹ́tà tirẹ̀, àmì ló máa ń ṣáájú lẹ́tà. Nínú Unicode, lẹ́tà ló ń ṣáájú àmì. Bí ẹni tó ń kó ẹrù kò bá yí wọn padà, àmì tó yẹ kó wà lórí "a" nínú Ìdànrè yóò fò sórí "d", èyí tó yẹ kó wà lórí "e" yóò fò sórí "r". Ta ni yóò wá ìlú kan tó ní àmì ohùn lórí "d"? Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Bí ìjánu bá já, ẹṣin lọ nìyẹn.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì lórí ìkólọ 1923 yẹn. Lẹ́yìn update kan ní ilé-ìkàwé kan tí n ò ní dárúkọ, ó tẹ "Ìdànrè", pẹ̀lú gbogbo àmì bí olùkọ́ Yorùbá wa ṣe kọ́ wa. Òfo. Ó tẹ "Ùfẹ̀ Òkè". Òfo. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní kó yí àkòrí padà, pé kò sí ohun tí yóò kà. Ó ti ń wá àkòrí mìíràn kí a tó lọ bá màmá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. A kúnlẹ̀, a kí wọn, a sọ ohun tó gbé wa wá.

"Ta ló ní kò sí?" ni màmá wí.

"Kọ̀ǹpútà ni, mà."

"Kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé dé lánàá! Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa bọ̀."

Wọ́n mú wa lọ sí ẹ̀yìn yàrá kan, níbi tí àpótí onídúrọ́ọ̀ àtijọ́ wà tí wọ́n to páálí lé lórí. A gbé páálí sọ̀. Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ I jáde, ìka wọn ń sáré lórí káàdì bí ẹni ń ka owó. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi rí káàdì Ìdànrè, mẹ́rin ló wà níbẹ̀, méjì nínú wọn jẹ́ pírójẹ́ẹ̀tì àwọn tó ti ṣáájú wa, tí wọ́n fi táípúráítà tẹ̀ tí wọ́n sì fi bíírò sàmì sí. Ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí pẹpẹ. Eruku ti bò wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n wà.

Ẹ rò ó wò. Ọ̀nà díẹ̀ ló kù kí ìtàn ìlú kan pàdánù ẹni tó fẹ́ kọ ọ́, nítorí àmì ohùn. Bí ọ̀rẹ́ mi bá yí àkòrí padà, ẹni tó bá tún wá Ìdànrè lọ́dún mẹ́wàá sí i, ìwé kan yóò dín lára ohun tó yẹ kó rí. Bẹ́ẹ̀ ni òfo ṣe ń bí òfo.

INÁ, WÁYÀ ÀTI OLÈ

Títí di ìsinsìnyí, ìgbà tí ẹ̀rọ fọhùn tó wí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni mo ń sọ. Ìgbà tí kò fọhùn rárá ńkọ́?

Iná ni ẹ kọ́kọ́ máa rò, ẹ ò sì jayò pa. Orúkọ NEPA ti kúrò nílẹ̀ láti 2005, wọ́n ti pín iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni láti 2013, síbẹ̀ NEPA náà ni a ṣì ń pè é, nítorí ìwà kò yí padà. Ní 2024, grid orílẹ̀-èdè yìí ṣubú léraléra, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lára. Bí sáfà bá wà nínú ọgbà yunifásítì, tí dísù sì tán nínú jẹnẹrétọ̀, kátálọ́ọ̀gì ti sùn nìyẹn.

Àwọn kan wá ní kí a gbé sáfà lọ sí òkè òkun, níbi tí iná kì í lọ. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àmọ́ kí a tó débẹ̀, òkun wà láàárín. Wáyà abẹ́ òkun tó ń jẹ́ SAT-3 ni ó kọ́kọ́ so wá mọ́ ayé lọ́nà tó nípọn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Nígbà tó bàjẹ́ ní oṣù keje 2009, ìyà jẹ Nàìjíríà, Benin, Togo àti Niger pọ̀. Glo-1 àti MainOne dé ní 2010, a rò pé ó ti tán. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báǹkì ń ṣe ségesège, fóònù ń ṣe ségesège. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè dúró níwájú pẹpẹ ìwé, kí ìwé tó ń wá wà ní ìwọ̀n apá kan sí i, kí ó má sì lè mọ̀, nítorí pé òkè òkun ni ìdáhùn rẹ̀ ń gbé.

Kí a má sì rò pé ìṣẹ́ ló ń ṣe wá. Ní oṣù kẹwàá 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń pe ara wọn ní Rhysida ya wọ inú kọ̀ǹpútà British Library ní London. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ onílé, wọ́n sì béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ilé-ìkàwé ò san án. Kátálọ́ọ̀gì rẹ̀ ò padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 2024, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan lára àwọn ilé-ìkàwé tó tóbi jù lọ láyé ni, NEPA ò sì sí níbẹ̀. Àwọn ìwé ò rìn kúrò níbi tí wọ́n wà. Ọ̀nà ni wọ́n dí.

OHUN TÓ KÀN WÁ

N ò ní kí a padà sí káàdì o. Ẹni tó ti gun mọ́tò dé Àkúrẹ́ kì í ní kí òun tún fẹsẹ̀ rìn padà. Kọ̀ǹpútà ti jẹ́ kí ọmọ Ìdànrè lè jókòó sílé, kó sì mọ ìwé tó wà n'Íbàdàn àti ní London. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a má ti ọ̀nà kan pa nítorí pé a la òmíràn.

Bí ẹ̀rọ bá wí fún yín pé kò sí, ẹ má gbà bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ tún un tẹ̀ láì fi àmì sí i. Ẹ gbìyànjú àkọtọ́ àtijọ́ àti orúkọ ìlú náà nígbà kan rí. Bí iná bá ti lọ, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, kí ẹ lọ dúró níwájú DT515 tàbí PL8821, kí ẹ fi ojú wá a. Ẹ bi àwọn àgbà ilé-ìkàwé léèrè kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, nítorí ohun tó wà lórí wọn kò sí nínú sáfà kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ kọ àkọlé yín pẹ̀lú àmì tó pé, nítorí ẹ̀tọ́ èdè wa ni. Àmọ́ nínú ìsọníṣókí tó wà níwájú ìwé, ẹ tún kọ orúkọ ìlú náà ní gbogbo ọ̀nà tí ẹlòmíràn lè gbà wá a: Ìdànrè, Idanre, Ufe Oke. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ kọ káàdì "lọ wo ibòmíràn" tí kò bá wa kó wọ inú ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní ilé-ìkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àkọlé Yorùbá mẹ́wàá tí ẹ mọ̀ dájú pé ó wà, kí ẹ wá wọn lẹ́yìn update kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lọ sílé. Ó ṣeé ṣe láti kọ́ ẹ̀rọ kó fojú fo àmì nígbà ìwákiri nìkan, kí Ìdànrè àti Idanre lè dé ibì kan náà, láì pa àmì rẹ́ nínú àkọsílẹ̀. Ẹ máa tẹ ẹ̀dà kátálọ́ọ̀gì sórí bébà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹ sì fi òmíràn pamọ́ sínú fláàṣì. Bí àpótí onídúrọ́ọ̀ bá sì ṣì wà níbì kan lẹ́yìn páálí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e fún káfíńtà títí ẹnì kan yóò fi ka káàdì rẹ̀ tán, tí yóò fi wọ́n wé ohun tó wà nínú ẹ̀rọ.

Ọ̀rẹ́ mi ti parí pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ̀dà kan wà ní yàrá pírójẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ "Idanre" lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jáde. Mo tẹ "Ìdànrè", kò tíì jáde. Mo ti kọ lẹ́tà sí wọn, mo sì kọ nọ́ńbà pẹpẹ rẹ̀ sára ògiri kíláàsì wa fún ẹni tó bá nílò rẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe.